Ẹ-Dìde Kó Ẹbí Rẹ̀ Lọ Wo Erin

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ, kò sí ìdí tí a ó fi máa sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ Olùdarí Àgbà fún gbogbo ọgbà ẹranko ìjọba ni, ọkùnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ẹ-Dìde bí kò bá sí nítòsí. Ohun tó fa orúkọ náà kò ṣòro. Láàárọ̀, bí bàtà rẹ̀ bá ti dún lórí àtẹ̀gùn, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì á sáré ṣáájú, á fi gbogbo ẹnu pariwo pé, "Ẹ dìde!" Gbogbo ilé iṣẹ́ á sì dìde fùú, títí kan akọ̀wé tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́ àti obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń nulẹ̀. Ẹ-Dìde á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fa ikùn wọlé díẹ̀, á wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò mi orí. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè jókòó.

Ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń kí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ló máa ń ṣáájú. "Ọ̀gá," ni yóò wí, "lánàá, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọ̀kánkán ọ́fíìsì yín, ó rí i pé ẹ ò tíì délé, ó sì ní òun á padà wá." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíì á tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹranko dìde, ó ní, "Ọ̀gá, abo erin kan bímọ lánàá. Ọmọ náà jọ yín." Ẹ-Dìde ronú sí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, nítorí kò dá a lójú pé kì í ṣe èébú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mọ èèyàn í pọ́n nínú wọn. Ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó ni, ọkùnrin tínínrín kan tó ń gbé inú ọgbà tó tóbi jù lọ, tí kì í wá sí ìpàdé nítorí pé ó níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta sí Ẹ-Dìde láàárín oṣù mẹ́fà. Àkọ́kọ́ ní ọ̀nà tó wọnú ọgbà kò fẹ̀, mọ́tò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ló lè gbà lóòjọ́. Èkejì ní lọ́jọ́ ìsinmi, mọ́tò ẹgbẹ̀rún kan ló ń wá. Ẹ̀kẹta ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníyàrá mẹ́wàá tí ìjọba kọ́ sẹ́bàá adágún ti parí láti oṣù mẹ́fà, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀, inú igbó ni àwọn àlejò ń sá lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni inú igbó náà ní àwọn onílé tó léyín lẹ́nu.

Ẹ-Dìde fi bírò aláwọ̀ ewé fèsì. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ó bá kọ̀wé, odindi ojú ìwé àkọ́kọ́ ni oyè rẹ̀ ń gbà: Olùdarí Àgbà, Alábòójútó Gbogbo Igbó, Baba Àwọn Ẹranko Ńlá àti Kékeré, Ọ̀rẹ́ Odò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí ìwé yóò fi kún. Ojú ìwé kejì ni ọ̀rọ̀ gan-an ń wà. Lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò, ó kọ ọ́ pé, "Ẹni tó bá ń ka mọ́tò, ọ̀tá ìlọsíwájú ni." Lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọba kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni lè kàn já wọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó ṣí i, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù, ẹgbẹ́ akọrin àti ọ̀rọ̀ ìṣíde. Títí di ìgbà náà, kí ará ìlú ní sùúrù." Ó kó kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ mọ́ ti mọ́tò rẹ̀, kí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ má baà lọ dán an wò.

Ẹ má rò pé ara rẹ̀ kàn ń yá ni. Akọ̀wé Àgbà fún gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba náà ti fẹ̀yìn tì, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sì ni Mínísítà máa kéde ẹni tí yóò jókòó sórí àga náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ẹ-Dìde ti ń wo àga yẹn bí ajá ṣe ń wo eegun. Ó mọ̀ pé ohun méjì ni Mínísítà fẹ́ràn: èrò púpọ̀ àti àwòrán nínú ìwé ìròyìn. Ni ó bá lọ sórí rédíò. "Ẹ wá!" ló kígbe. "Lọ́jọ́ Sátidé tí ìjọba fún yín ní ìsinmi, ẹ kó bàbá wá, ẹ kó ìyá wá! Àyè wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè!" Rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́ ní wákàtí wákàtí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó sì bá akọ̀ròyìn kan ṣe àdéhùn pé kí ó dúró de òun létí adágún ní aago méjìlá ọ̀sán Sátidé, kó lè ya òun pẹ̀lú ẹbí òun, kí erin wà lápá ọ̀tún, kí ogunlọ́gọ̀ ará ìlú wà lápá òsì.

Nítorí pé àwòrán náà gbọ́dọ̀ fi í hàn bí ọmọ ìlú lásán, kò mú dírẹ́bà dání. Òun fúnra rẹ̀ ló wa jíìpù tí ìjọba fún un, ó sì tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti wa mọ́tò kẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ọmọdé, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìlẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn ni àwọn ìbejì wà, obìnrin méjì, ọmọ ọdún méjìlá. Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, jókòó sáàárín wọn. Aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, kò sì tíì fi ojú rẹ̀ rí erin rí. Kí ó tó jáde nílé, ó mu omi ife méjì kó lè lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

"Ẹ wò mí dáadáa," ni Ẹ-Dìde wí fún wọn. "Ìran tó ń bọ̀ á bi yín pé, ṣé lóòótọ́ ni Olùdarí kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ẹbí rẹ̀ la ilẹ̀ yìí já? Ẹ óò ní, bẹ́ẹ̀ ni, a wà níbẹ̀."

"Bàbá Ìbejì, jíà kejì lẹ ṣì wà láti ilé," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Nígbà tó ku kìlómítà méjì kí wọ́n dé géètì ọgbà, mọ́tò dúró. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Àwọn mọ́tò tó wà níwájú ló dúró, àwọn tó wà níwájú wọn náà ti dúró láti àárọ̀. Oòrùn ń ta. Àwọn ọmọ ń sunkún, àwọn bàbá ń fọn fèrè ọkọ̀ bí ẹni pé fèrè ń ti mọ́tò síwájú. Láti inú mọ́tò kọ̀ọ̀kan, ohùn kan náà ń jáde lórí rédíò: "Àyè wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè!"

Awakọ̀ lọ́rì kan tó kó ìyàwó, ọmọ àti àna rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ yọ orí jáde. "Ẹni tó ní àyè wà yìí," ló pariwo, "Ọlọ́run á fún òun náà láyè, irú èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn!"

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì na ọrùn síwájú. "Dádì, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yẹn?"

Ẹ-Dìde yí gíláàsì sókè. "Ẹ fi ọ̀rọ̀ rédíò sílẹ̀," ló wí.

Aago mọ́kànlá kọjá. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, nítorí akọ̀ròyìn ń dúró, Mínísítà ń dúró, àga ń dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé géètì. Obìnrin aṣọ́nà kan ló bá níbẹ̀, òógùn ti bo ojú rẹ̀, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣí ọ̀nà fún jíìpù dúdú tó wà lẹ́yìn," ni Ẹ-Dìde pàṣẹ. "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́? Èmi ni Olùdarí Àgbà."

Obìnrin náà yọ fèrè lẹ́nu. "Bàbá, ẹ kú oòrùn. Láti àárọ̀, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkeje."

"Ìkeje kí ni?"

"Ìkeje Olùdarí Àgbà." Ó na ọwọ́ sí àwòrán gàgàrà tó wà lórí géètì. "Ọ̀gá wa nìyẹn. Ẹ wò ó, ẹ wo ara yín, ẹ dá a rò fúnra yín."

Ẹ-Dìde gbójú sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ fún ayàwòrán pé kí ó yọ ewú kúrò, kí ó dín ikùn kù, kí ó fi ọrùn díẹ̀ kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí i lókè yẹn kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ó sì rẹwà gan-an. Kò sí nǹkan tó pa òun àti ẹni tó dúró nílẹ̀ pọ̀ ju táì lọ.

"Òfin kẹrìnlá ni pé," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó fa bébà kan yọ lápò, "'Ẹnikẹ́ni tó bá dé géètì, tó sì sọ pé ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́, kí ó padà sí ìparí ìlà.' Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ló kọ irú ìwé burúkú yìí?"

"Olùdarí Àgbà ni o. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ti lọ, oyè rẹ̀ ló wà níbẹ̀, mo ti fi wé ẹ̀pà."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ẹ-Dìde mú débi pé ó gé e lọ́wọ́. Wọ́n dá jíìpù padà sí ìparí ìlà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ku díẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọgbà.

Ìgbà yẹn ni omi ife méjì tí Màmá mu láàárọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Ó ti ń fara dà á láti géètì. Nígbà tí wọ́n dé etí adágún, kò lè nà tán mọ́. Wọ́n bá èrò níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun náà, ó lé ní igba, wọ́n tò bí ẹni ń dúró de ìyanu. Ilé náà ń dán. Ríbọ́ọ̀nù pupa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àgádágodo ńlá sì wà lábẹ́ ríbọ́ọ̀nù. Ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó dúró níbẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Olùdarí Àgbà," ló ń wí. "Mo ti kọ lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Níbo ni Olùdarí ọ̀hún wà?" ni awakọ̀ lọ́rì bi í. "Ẹ mú un wá síbí kí n fi ojú kàn án!"

Ẹ wo ayé! Láti àárọ̀ ni Ẹ-Dìde ti ń wá ẹni tí yóò mọ òun. Ní báyìí, igba èèyàn ló fẹ́ mọ̀ ọ́n, òun ló wá ń fi ìyàwó rẹ̀ bojú. Akọ̀ròyìn náà sì wà níbẹ̀ tòun ti kámẹ́rà lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Ìbejì, kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lápò yín."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀! Bí mo bá ṣí i lónìí, kí ni n ó ṣí lọ́jọ́ ìṣíde? A ò tíì gé ríbọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ́ akọrin ò sí níbí."

"Ìyá mi wà níbí."

"Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n mú un mọ́ra. Ọ̀rọ̀ àga Akọ̀wé Àgbà lèyí. Bí wọ́n bá mọ̀ mí níbí, wọ́n á bú mi níwájú oníròyìn, ó parí nìyẹn."

Ìyá Ìbejì wo ìyá rẹ̀. Obìnrin tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán òun nílé ìwé láti kékeré dúró lábẹ́ igi, ó fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ó ń di ojú, ojú sì ń tì í níwájú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Inú bí Ìyá Ìbejì gidigidi. Ó ti ń dìde fún ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́rìnlá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ ọkọ rẹ̀ lápò, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó gbé e sókè lójú gbogbo èèyàn.

"Ọ̀gá aṣọ́gbó, kọ́kọ́rọ́ rèé!" ló kígbe. "Ọkọ mi ni Olùdarí Àgbà. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ wọlé, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é bó ṣe wù yín."

Àgádágodo ṣí. Màmá kò dúró de sísọ́ọ̀sì kankan, àyà ló fi gé ríbọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìjọba.

Àwọn èèyàn yí Ẹ-Dìde ká. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ìyà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ọ̀rọ̀ sísọ. Ó gbé àgbọ̀n sókè. "Ẹ̀yin ará ìlú mi ọ̀wọ́n, lọ́jọ́ mánigbàgbé yìí, gẹ́gẹ́ bí Baba Àwọn Ẹranko Ńlá àti Kékeré…"

"Omi ò sí o!" ni Màmá pariwo láti inú ilé.

Òótọ́ ni. Ẹ-Dìde ti pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ pọnmi sínú tánkì títí di ọjọ́ ìṣíde, kí omi náà lè jẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ omi tó sún mọ́ ibẹ̀ jù wà nílé àwọn aṣọ́gbó, ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́rin sókè. Awakọ̀ lọ́rì wo Ẹ-Dìde, ó wo èrò, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbé korobá kan wá. Kò bú u. Korobá náà ló kàn gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹ-Dìde pọnmi. Ní ti àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ gbé e, gbogbo rẹ̀ dà sí i ní bàtà. Ní ti ẹ̀kẹrin, ó ti bọ́ kóòtù, ó sì gbé korobá lérí bí gbogbo ọmọ tí ìyá bí. Àwọn ìbejì ń kà á: korobá mẹ́tàlélógún. Nígbà tó di ìkẹwàá, èrò tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti dákẹ́. Nígbà tó di ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọkùnrin mélòó kan ti ń bá a gbé e. Bàbá arúgbó kan jáde nínú ilé náà, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ọmọ mi." Kí Ẹ-Dìde tó rántí ẹni tí òun jẹ́, ó ti dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́, Bàbá." Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn sí ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Akọ̀ròyìn ya àwòrán. Nírọ̀lẹ́, erin mẹ́rin jáde wá mumi létí adágún, ara sì ti tu Màmá, ó wò wọ́n tẹ́rùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwòrán náà wà lójú ìwé àkọ́kọ́: ọkùnrin oníkùn, eléwú, korobá lórí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Olùdarí tó ń pọnmi fún ará ìlú." Mínísítà rí i, ayọ̀ pa á. Ó lọ sórí rédíò, ó ní, "Irú èèyàn tí mò ń wá nìyí! Lọ́la, ní aago mẹ́wàá, ẹ óò gbọ́ orúkọ rẹ̀."

Ẹ ti rí i báyìí pé adé ti fẹ́ bọ́ sórí ẹni tí kò tọ́ sí. Ṣùgbọ́n Ẹ-Dìde kì í gbọ́ rédíò bí kì í bá ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti pe igbákejì rẹ̀ wá sílé, ó na ìwé ìròyìn sí i, ó ní wọ́n ti ba orúkọ òun jẹ́. Igbákejì náà kò ṣe ju iṣẹ́ tó ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án lọ.

"Ọ̀gá, èyí kì í ṣe yín!" ló wí. "Ẹ̀yin? Ẹni yìí ní ikùn. Ó ní ewú. Àwọn ọ̀tá ló lọ wá aláàárù kan tí wọ́n fi orúkọ yín pè é."

"Mo mọ̀!" ni Ẹ-Dìde kígbe, ó sì gbà á gbọ́ díẹ̀.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "Mínísítà yìn yín. Mo fi etí mi gbọ́ ọ."

"Kò sí Mínísítà tó lè yin ẹni tó gbé korobá. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ẹ-Dìde ti wà nílé ẹjọ́, ó fi oyè rẹ̀ kún ojú ìwé kan, ó sì búra lójú ìwé kejì pé òun kọ́ ni ọkùnrin inú àwòrán náà, pé òun kò gbé korobá rí láyé òun, pé kí wọ́n fi àwòrán òun tó wà ní géètì ọgbà wé e. Ó gbé ìwé ìbúra náà lọ fún Mínísítà fúnra rẹ̀. Àwọn oníròyìn ti kún yàrá.

Mínísítà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni lóòótọ́?"

"Mo ti búra, Ọlọ́lá jù lọ."

"Níbo wá lẹ wà ní Sátidé, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí ẹ fi ẹnu yín pè há sínú ọgbà yín láìsí omi, láìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. "Mo wà nílé," ni Ẹ-Dìde wí, pẹ̀lú iyì. "Mò ń sinmi."

Kí aago mẹ́wàá tó kọjá, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gba jíìpù, wọ́n sì ti gbé ọgbà fún ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó. Ní ti àga Akọ̀wé Àgbà, Mínísítà ti ṣèlérí fún gbogbo ìlú lórí rédíò pé ọkùnrin olómi ni yóò jókòó síbẹ̀, kò sì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ní kí wọ́n lẹ àwòrán náà mọ́ gbogbo ògiri ìlú, pé ẹni tó bá mọ ọkùnrin yìí kó mú un wá. Àwọn tó wà létí adágún ní Olùdarí ni, ṣùgbọ́n wọ́n dá wọn lóhùn pé ó ti búra nílé ẹjọ́ pé òun kọ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀kánkán ilé Ẹ-Dìde pàápàá.

"Ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni," ni Màmá wí fún un.

"Mo ti búra, Màmá. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni fún ẹni tó bá búra èké."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, òun àti Ìyá Ìbejì dúró níbùdókọ̀, wọ́n ń retí bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́, ó wo ògiri, ó tún wò ó. Ló bá kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá, ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ fún wa lómi lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ilé wa ló ń gbàdúrà fún yín."

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló yíjú sí i. Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Kò sí òṣìṣẹ́ Ẹ-Dìde kankan láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó pàṣẹ fún wọn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dáhùn. Ìyá Ìbejì gbójú sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà bọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló búra.

"Èmi kọ́ o, màdáámù," ni Ẹ-Dìde wí.

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó sì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," ló wí. "Ẹni yẹn, èèyàn gidi ni."